Ọmọ 11 bá òbí wọn lọ lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ kẹta ní káǹpù wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ti ọdún yìí tó dé

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (6 Júláì, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ìlú wa ò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ẹgbẹ́ ìlú wa máa ń ṣe káǹpù họlidé fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin, kí wọ́n lè mọ ilé bàbá wọn kí wọ́n tó dàgbà di àlejò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni, nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ní ọgbà ilé ìwé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lọ họlidé. Ọmọ ọdún 10 sí 15 la ń gbà.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ 48 ló wá. Ọjọ́ kìíní, ariwo ayọ̀. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta òjò ńlá kan dé, iná lọ, ni ọmọ kan bá bú sẹ́kún. Kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì mi, ó ti di ọmọ mẹ́fà. Àwọn kan gba fóònù lọ́wọ́ tíṣà, wọ́n pe ilé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọmọ 11 ti bá òbí wọn lọ. Bàbá kan wakọ̀ láti Ìkẹjà wá, ó di ẹrù ọmọ rẹ̀ sínú búùtù, kò kí wa, kò bú wa, ó kàn lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé, wọ́n ní èmi ni kí n darí ti ọdún yìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: kí ni mo lè ṣe kí àwọn ọmọ yìí kọjá alẹ́ ọjọ́ kẹta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n fi eré kún un. Eré wà níbẹ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá.

Ìyá_Tánkẹ̀ (6 Júláì, 8:40 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ yìí ò gba àròjinlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú fóònù rẹ̀ dání. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kó tó sùn kò ní sunkún. Èmi ò lè fi ọmọ mi sí ibi tí n kò ti ní gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ 14. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni?

Tíṣà_Àgbà_Ọ̀fà (6 Júláì, 9:25 alẹ́)

Ìyá Tánkẹ̀, ẹ má bínú sí mi, fóònù yẹn gan-an ló kó ọmọ 11 lọ. Ẹ tún ibi tí àbúrò wa ti kọ ọ́ kà: wọ́n gba fóònù, wọ́n pe ilé.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó ọmọ Síkáòtù lọ sí ibùdó. Ọjọ́ kẹta yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ọjọ́ kìíní, gbogbo nǹkan ṣì jẹ́ tuntun. Ọjọ́ kejì, bísíkíìtì àti mílíìkì tí ìyá dì sínú báàgì ò tíì tán. Tó bá di ọjọ́ kẹta, bísíkíìtì ti tán, aṣọ mímọ́ ń tán lọ, ara ti rẹ ọmọ torí pé kò sun oorun gidi láti alẹ́ àkọ́kọ́, ó sì ti wá yé e pé ibi tí òun máa wà nìyí, kì í ṣe ìbẹ̀wò. Gbogbo rẹ̀ á wá pàdé lálẹ́ kan náà. Bí òjò bá tún bọ́ sí i, ó parí.

Ẹ má kó ọmọ 48 jọ bí èrò ọjà. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, ṣe ibùdó àkọ́kọ́ ní erékùṣù Brownsea ní Ìlú Ọba, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1907, àwọn ọmọkùnrin tó kó lọ ò ju nǹkan bí 20 lọ, síbẹ̀ ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì mú nínú wọn ṣe olórí wọn. Ọmọ 20 lásán! Ẹ pín tiyín ní mẹ́fà mẹ́fà tàbí méje méje. Kí ọmọ ìlú kan tó gbọ́ èdè, tó mọ ọ̀nà odò, wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ gbálẹ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀, kí wọ́n jọ jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìjàkadì ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sún àṣekágbá sí ọjọ́ karùn-ún. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi kì wá: ìjàkadì lorò Ọ̀fà. N kò tíì rí ọmọ tó wọ àṣekágbá tó wá ní kí bàbá òun wá mú òun lọ sílé.

Ìyá_Tánkẹ̀ (6 Júláì, 9:41 alẹ́)

Ìjàkadì kẹ̀! Ọmọbìnrin ni tèmi, ó sì ní ikọ́ fée. Bí ó bá gbé e dé lóru, ṣé olórí ẹgbẹ́ ọlọ́dún 12 ló máa wá pè mí ni?

Nọ́ọ̀sì_Ìrẹ́pọ̀dùn (7 Júláì, 6:05 àárọ̀)

Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, bí àkọtọ́ mi bá rí ségesège, ẹ foríjì mí.

Ìyá Tánkẹ̀, ẹ̀rù yín tọ́, ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Inhaler ni. Kí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀, kí ọ̀kan wà lápò ọmọ fúnra rẹ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Ikọ́ fée kì í dúró de ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Akọ̀wé, kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ̀wé sílẹ̀ kí ọmọ tó wọlé: oògùn tó ń lò, ohun tí kò bá a lára mu, jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ọmọ SS lè wá sí káǹpù, ẹ má lé e. Ṣùgbọ́n òtútù, òjò àti àìmumi tó lè dá ìrora sí i lára, nítorí náà òun kọ́ ni ẹ máa lé lọ wẹ̀ lódò ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ti ibà ńkọ́. Ọdọọdún ni òbí máa ń pè mí pé ẹ̀fọn káǹpù ti jẹ ọmọ òun. Ọmọ tí ibà gbé dè ní ọjọ́ kẹta, ilé ló ti gbé e wá. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá ti jẹ èèyàn, ó máa ń tó ọjọ́ méje, ó sì lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ibà tó yọjú. Èyí tí ẹ̀fọn tiyín bá fún un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ni yóò ti ṣe é. Ìyẹn ò ní kí ẹ má ta nẹ́ẹ̀tì o, bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ta á sí. Ẹ má sì pín oògùn ibà fún gbogbo ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Ìyá_Olóúnjẹ_Àjàṣẹ́ (7 Júláì, 7:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo kí yín. Ìbéèrè kékeré: kí ni àwọn ọmọ yìí jẹ lálẹ́ ọjọ́ kẹta, aago mélòó sì ni wọ́n jẹ ẹ́?

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (7 Júláì, 7:52 àárọ̀)

Ẹ̀wà àti gàrí ni, mà. Igi ìdáná tutù, ẹ̀wà ò tètè jiná. Aago mẹ́sàn-án lọ díẹ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Ìyá_Olóúnjẹ_Àjàṣẹ́ (7 Júláì, 8:10 àárọ̀)

Háà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èkó, ebi pa á títí di aago mẹ́sàn-án, kò síná, òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta sílẹ̀, ẹ wá gbé ẹ̀wà tí kò jiná fún un. Èmi gan-an á pe ìyá mi, ìyá mi sì ti kú.

Igi ọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kí ọmọ kankan tó gbé báàgì wọlé. Ẹ yá gáàsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ òjò. Ẹ̀wà, àárọ̀ ni tirẹ̀, ẹ ti rẹ ẹ́ láti alẹ́. Alẹ́ jẹ́ ti ohun tó ń tètè jiná, kó sì ti kúrò lórí iná kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ tún ní oríire, oṣù kẹjọ ni iṣu tuntun àti àgbàdo kún ọjà, ẹ̀pà tútù náà ń bẹ. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹ gbé àgbàdo kaná, kí kálukú máa jẹ ẹ́ kiri ọgbà. Ọmọ tí àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ráyè sunkún.

Ìrẹsì, kóńgò mẹ́rin tó ọmọ 50 bí ọbẹ̀ bá pọ̀.

Ọmọ_Òkè_Sóbì (7 Júláì, 1:15 ọ̀sán)

Ìyá wa, kóńgò mẹ́rin fún ọmọ 50? Ṣé ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà ni? Àwa náà ń kó ọmọ ilé kéwú jọ ní họlidé n'Ílọrin níbí. Kóńgò mẹ́fà là ń sè, wọ́n sì ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ fi wàrà sínú ọbẹ̀, àwọn ọmọ Èkó á kọ́kọ́ yí imú, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á máa fi ẹran ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, Tíṣà ni mo gbè. Ìbẹ̀wò pàápàá burú. A gbà kí òbí wá ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá sunkún nígbà tí ìyá ń lọ, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò wá ti ń sunkún láti àárọ̀. A ò dán an wò mọ́.

Ẹ ò tíì bèèrè, àmọ́ mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ yín á fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Kí gbogbo wọn jí ní àsùbáà, kí kálukú lọ ṣe àdúrà tirẹ̀, kí wọ́n pàdé nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àgbà ló ń mú un le.

Èyí tó kù: ẹ sún un sí àárín oṣù kẹjọ. Òjò máa ń sinmi nígbà yẹn.

Àgbẹ̀_Ìfẹ́lódùn (7 Júláì, 7:48 alẹ́)

Ta ló sọ fún ọ pé òjò ń sinmi? Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ yẹn, ará ìhà etí òkun ló ni ín. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọdún míì wàá rí i, ọdún míì kò sí rárá, bó bá sì wà kì í pẹ́. Oṣù kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e ló tún ń da omi jù. Èmi tí mo ń sá ẹ̀pà lákòókò yẹn mọ ohun tí ojú mi ń rí.

Akọ̀wé, ẹ gbàgbé ojú ọ̀run, òrùlé ni kí ẹ wò. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà gun òkè nísinsìnyí tó ṣì ráyè, kó wo páànù níkọ̀ọ̀kan. Òjò wa sábà máa ń ṣú bọ̀ láti ọ̀sán lọ, torí náà kí gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níta jẹ́ ti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́, ayò, ọ̀kọ̀tọ́ àti àlọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹnì kan máa tó sọ fún yín pé kí ẹ kó wọn lọ wo Òwú. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ló wà, ní Òwá-Kájọlà, omi yẹn ń já bọ́ láti òkè tó tó nǹkan bíi 120 mítà. Ìgbà òjò ló lẹ́wà jù, ìgbà òjò náà ni òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ jù. Bí ẹ bá lọ, kí wọ́n dúró lókèèrè, kí ìrì omi tó ń fẹ́ wá lu ojú wọn ti tó fún wọn. Kò sí wíwẹ̀, kò sí gígun òkúta ya fọ́tò.

Ẹ gé koríko ọgbà, kí wọ́n máa wọ bàtà lóru. Bí ejò bá ṣán ọmọ, ẹ tètè fi okùn di òkè ojú ibẹ̀ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì_Ìrẹ́pọ̀dùn (7 Júláì, 8:20 alẹ́)

Bàbá, mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín àfi ti okùn. Ẹ má di í, ẹ má gé ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á. Okùn yẹn ti jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn tí ejò nìkan ò bá má gé. Kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, kó má mi ẹsẹ̀ náà, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òrùka tó bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ ti bèèrè láti ìsinsìnyí: ọsibítù wo ló ní oògùn oró ejò nílẹ̀? Òru kọ́ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè.

Tíṣà_Àgbà_Ọ̀fà (7 Júláì, 9:02 alẹ́)

Dípò Òwú, ẹ kó wọn lọ sí Èsìẹ́, ó sún mọ́ yín. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ò lóǹkà. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹta pé ìrìn àjò ń bẹ lọ́la.

Ìyá_Olóúnjẹ_Àjàṣẹ́ (7 Júláì, 9:17 alẹ́)

Tíṣà, Èsìẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá mi, ẹ má bà á jẹ́. 1945 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1933 ni alábòójútó ilé ìwé kan, òyìnbó tó ń jẹ́ Ramshaw, kọ̀wé nípa àwọn ère náà tí ayé fi gbọ́, àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Èyí tí ìyá mi sọ fún mi ni pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n fi di òkúta. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ojú wọn dáadáa, kò sí méjì tó jọra. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá èyí tó jọ ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Ìyẹn nìkan á gba wákàtí méjì.

Mo_Wà_Níbẹ̀ (9 Júláì, 4:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àǹtí mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Mo wà lára àwọn ọmọ 11 yẹn. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má bínú, kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe ẹ̀wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà yẹn burú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, tíṣà kan rí fómù tó tutù ní yàrá wa. Ó gbé e jáde síwájú gbogbo káǹpù níbi tí a ti fẹ́ jẹun àárọ̀, ó ní, "Atọ̀ọ́lé wo ló ni èyí?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó fi fómù náà sílẹ̀ sínú oòrùn títí di ọ̀sán, àwọn ọmọbìnrin sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ pọnmi.

Èmi kọ́ ni mo ni ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ni ín. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó wá di alẹ́, òjò dé, páànù yàrá wa ń jò. Omi ń kán sí orí fómù wa. Ẹ rò ó wò, ta ló máa sùn? Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí fómù ẹ bá tutù, ìwọ ni wọ́n máa gbé síta. A dìde dúró láàárín yàrá pẹ̀lú fómù lórí. Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ sunkún, ẹni ọdún 10, ó ní òun ò tọ̀, òun ò tọ̀. Ó ń sọ ọ́ ṣáá. Ìgbà yẹn la pinnu pé kí a pe ilé.

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀. A kàn ní a fẹ́ máa lọ.

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (9 Júláì, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi, o ṣeun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé ọdún tó kọjá wò. 9 nínú àwọn 11 ló sun yàrá kan náà. Ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá.

Mo rí fómù yẹn nínú oòrùn. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn ń sá a ni.

Bàbá_Gáà_Akanbí (9 Júláì, 7:05 alẹ́)

À ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Nígbà tiwa, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń so mọ́ ìdí atọ̀ọ́lé, wọ́n á ní kó máa jó kiri àdúgbò, kò pa ẹnikẹ́ni. Ojú tó bá tì í ló máa jẹ́ kó jáwọ́. Ẹ má fún wọn lómi mu lẹ́yìn aago mẹ́fà, ó tán.

Nọ́ọ̀sì_Ìrẹ́pọ̀dùn (9 Júláì, 7:31 alẹ́)

Bàbá, ẹ̀yin ò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì rántí ọ̀pọ̀lọ́ náà dòní.

Ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé sùn ni, kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Nínú ọmọ ọlọ́dún 10 bí ogún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣì máa tọ̀ọ́lé, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Nínú ọmọ 48, ẹ má retí pé kò ní sí. Ìtìjú kì í wò ó sàn, ńṣe ló ń jẹ́ kí ọmọ fi aṣọ tútù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn léwu gidi. Àwọn ọmọ SS máa ń tọ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń tọ̀ọ́lé dàgbà díẹ̀. Bí ẹ bá fi omi dù wọ́n láti aago mẹ́fà, ìrora ni ẹ ń pè fún wọn. Kí gbogbo ọmọ mu omi dáadáa lọ́sàn-án, ìgbà yẹn kò ní sí pé ọ̀kan ń gbé ife ńlá mì nígbà tó ń lọ sùn.

Akọ̀wé, ẹ fi ọ̀rá nípọn wé gbogbo fómù, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, kò sí ẹni tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀. Kí àgbàlagbà méjì jọ lọ káàkiri yàrá láàárín aago mọ́kànlá, kí wọ́n jí *gbogbo* ọmọ yàrá náà lọ tọ̀. Kí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀ sí i, kí ọmọ mọ ibi tó ti lè mú un láìtọrọ.

Ìyá_Tánkẹ̀ (9 Júláì, 8:15 alẹ́)

Omijé bọ́ lójú mi nídìí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Tèmi tọ̀ọ́lé títí ó fi pé ọdún 11, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ tán. Akọ̀wé, kí ìbéèrè yẹn wà nínú ìwé tí òbí máa kọ, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí ibi tí ìwọ àti nọ́ọ̀sì nìkan máa rí.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó o: bí kò bá sí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta làwọn ọmọ yìí ìbá sọ fún?

Tíṣà_Àgbà_Ọ̀fà (9 Júláì, 9:50 alẹ́)

Ìbéèrè Ìyá Tánkẹ̀ yìí gbá mi létí. N kò ní ìdáhùn tó dára sí i.

Mo ti gbé fómù síta rí, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo ṣe é ire. Mi ò mọ ohun tí ọmọ náà rò, torí kò padà wá lọ́dún kejì, n kò sì bèèrè.

Akọ̀wé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: fóònù ọmọ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúró lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí fóònù káǹpù kan wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí kì í ṣe tíṣà, tí kò ní pàṣán, kí ọmọ lè lọ bá a nígbàkigbà láìsọ ìdí. Kí àwọn òbí mọ nọ́ńbà náà. Ẹ sì sọ fún àwọn òbí kí wọ́n má ṣèlérí fún ọmọ kó tó kúrò nílé pé "bí kò bá dùn, pè mí, màá wá mú ọ." Ọmọ á kàn jókòó máa wá ibi tí kò dùn.

Ìyá_Olóúnjẹ_Àjàṣẹ́ (9 Júláì, 10:04 alẹ́)

Obìnrin tí kò ní pàṣán, olóúnjẹ ni. Ìdí àdògán ni ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ti máa ń wá dúró, á ní òun wá bu omi. Ẹ gbé fóònù náà síbẹ̀.

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (10 Júláì, 6:40 àárọ̀)

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kápẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tíṣà ti ọdún tó kọjá kò ní sí níbẹ̀ lọ́dún yìí, èmi fúnra mi ni mo máa lọ sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Mo_Wà_Níbẹ̀, o ti pé ọdún 16, o ò lè wá bí ọmọ káǹpù mọ́. Ṣé wàá wá bí olórí yàrá? Mò ń bẹ̀ ọ́ ni.

Mo_Wà_Níbẹ̀ (10 Júláì, 3:12 ọ̀sán)

Màá bi màmá mi, sà. Ṣé ẹ máa tún páànù yàrá wa ṣe lóòótọ́?

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (15 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2:20 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán láti káǹpù. Ọjọ́ karùn-ún wa rèé. Ọmọ 52 ló wá, 51 ló wà níbí. Eyín ló ń ro ẹnì kan, a gbé e lọ sí Òmù-Àrán, wọ́n yọ ọ́, bàbá rẹ̀ ní kó wá lo ọjọ́ méjì nílé, ó ń bọ̀ padà.

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì *àti* ọjọ́ kẹta. Ibì kan ṣì jò, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé agbada síbẹ̀, wọ́n ń ta ayò lórí iye ìgbà tí omi máa kán kí ẹnì kan tó jẹ. Olórí yàrá wa ti fi ọ̀rá wé fómù 52, ó ní bí wọ́n ṣe ń dún lóru bí ẹni ń jẹ gúgúrú ni kò jẹ́ kí òun sùn. Ìyá Olóúnjẹ, kóńgò márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé òun ló borí.

Fóònù wà nídìí àdògán. Ọmọ mẹ́rin ti lò ó. Méjì pe ilé, ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tó gbá góòlù, ẹnì kan kàn dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó bó àgbàdo, ó sì padà lọ sùn.

Ìyá_Tánkẹ̀ (15 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2:31 ọ̀sán)

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Inhaler rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun? Màá pè ní aago mẹ́rin.

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́ (15 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2:35 ọ̀sán)

Ó wà lápò rẹ̀, mà, mo rí i láàárọ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi aago mẹ́rin sílẹ̀, ìgbà yẹn ni àṣekágbá ayò, òun àti ọmọ Èkó kan ló kù.